Òkúta King 1000/6000 fún abẹ àjogúnbá: ojú wo ni ẹ ń sanwó fún?

Òkúta ìpọ́nbẹ tí mo fẹ́ yẹ̀ wò níhìn-ín ni King KW-65, òkúta olójú méjì tí ilé-iṣẹ́ Matsunaga ní orílẹ̀-èdè Jàpáànù ń ṣe, tí ojú kan rẹ̀ jẹ́ nọ́ńbà 1000, tí ojú kejì sì jẹ́ nọ́ńbà 6000; bí nọ́ńbà bá ṣe ga tó ni hóró inú òkúta ṣe kéré tó. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń rà á fún ọ̀bẹ ìdáná, ó sì dára fún un, ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí èmi rà á fún yàtọ̀: mo fẹ́ fi pọ́n abẹ ìfárùngbọ̀n bàbá bàbá mi, abẹ àtijọ́ tí a ń ká sínú èkù, tí ẹnikẹ́ni kò fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ mọ́ láti ìgbà tí bàbá náà ti papò dà. N kò ní fi ìdájọ́ mi pamọ́ di ìparí. Ojú nọ́ńbà 1000 ni ó yẹ kí ènìyàn torí rẹ̀ san owó òkúta yìí, nítorí pé níbẹ̀ ni abẹ tí ẹnu rẹ̀ ti kú pátápátá ti ń rí ẹnu tuntun. Ojú nọ́ńbà 6000 wúlò, àmọ́ kò lè parí iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró síbẹ̀, tí ó sì gbé abẹ lọ sí àgbọ̀n rẹ̀ láìṣe ohun mìíràn, yóò rò pé abẹ àgbà náà ni kò dára mọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò rí bẹ́ẹ̀.

Ó yẹ kí ẹ mọ irú abẹ tí mo ń sọ kí ẹ tó lè gba ọ̀rọ̀ mi lórí òkúta náà gbọ́. Iṣẹ́ ọwọ́ Joseph Rodgers & Sons ti ìlú Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni, ilé-iṣẹ́ tí ó ti ń lo àmì ìràwọ̀ àti àgbélébùú Málítà láti ọdún 1764. Ohun tí wọ́n tẹ̀ sí ìrù abẹ náà sọ ọjọ́ orí rẹ̀ ju bí ẹnikẹ́ni nínú ẹbí wa ṣe lè sọ ọ́ lọ. “England” wà níbẹ̀, òfin owó-orí ọjà òkèèrè tí Amẹ́ríkà ṣe ní ọdún 1890, èyí tí wọ́n ń fi orúkọ McKinley pè, sì ni ó mú kí àwọn oníṣẹ́ irin ilẹ̀ Yúróòpù bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ orúkọ orílẹ̀-èdè wọn sára ọjà tí wọ́n ń kó lọ sí òkè òkun. “Cutlers to His Majesty” (àwọn arọ̀bẹ fún Kábíyèsí) náà wà níbẹ̀, ìyẹn ni pé ọkùnrin ni ó wà lórí ìtẹ́ ọba Gẹ̀ẹ́sì nígbà tí wọ́n rọ ọ́, láàárín ọdún 1901 sí 1952. Èyí bá ìtàn ilé mu, nítorí akọ̀wé rélùwéè ni bàbá náà, Èkó ni ó sì ti ra abẹ yìí nígbà tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gba owó oṣù. Irin tí wọ́n fi ṣe é kì í ṣe irin tí kì í dípẹtà ti òde òní. Ó máa ń dógùn-ún bí omi bá kù sí i lára, ṣùgbọ́n ó máa ń gba òkúta dáadáa, ó sì ń mú ju bí ẹni tí kò lò ó rí ṣe lè rò lọ.

Ohun tí ó ya irú abẹ yìí sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀bẹ ni ẹ̀yìn rẹ̀. Bí a bá gbé e lélẹ̀ pẹrẹsẹ lórí òkúta, ibi méjì ni ó fi ń kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ̀yìn rẹ̀ tí ó nípọn àti ẹnu rẹ̀ tí ó fẹ́lẹ́; àárín kò kan nǹkan kan, nítorí pé wọ́n ti gbẹ́ ìhà méjèèjì wọnú láti ibi iṣẹ́. Nítorí náà, kò sí pé à ń fojú díwọ̀n bí ó ṣe yẹ kí abẹ dagun tó. Ẹni tí ó rọ ọ́ ti fi ìwọ̀n náà sí i lára, tí ó sábà máa ń jẹ́ nǹkan bí dígíríì 16 sí 18 tí a bá ka ìhà méjèèjì pọ̀. Gbogbo ohun tí ọwọ́ ní láti ṣe ni kí ó má ṣe gbé ẹ̀yìn abẹ kúrò lórí òkúta rárá. Ìdí nìyí tí mo fi gbà pé ẹni tí kò pọ́n abẹ rí, ṣùgbọ́n tí ó ní sùúrù, lè ṣe é dáadáa ju bí ó ṣe lè pọ́n ọ̀bẹ ìdáná lọ. Ìdí náà sì nìyí tí òkúta tí kò tẹ́jú kò fi ṣe é lò, nítorí pé bí àárín òkúta bá ti jin, ẹnu abẹ yóò máa kan etí òkúta níbì kan, yóò sì máa ré kọjá lókè ihò náà níbòmíràn.

Kì í ṣe gbogbo abẹ àjogúnbá ni ó yẹ kí a ra òkúta fún. Kí ẹ tó náwó, ẹ gbé abẹ náà sábẹ́ iná tí ó mọ́lẹ̀ dáadáa, ẹ sì fi awò tí ń sọ nǹkan kékeré di ńlá wo ẹnu rẹ̀ láti ìdí, ìyẹn apá tí ó sún mọ́ èkù, títí dé orí. Ìpẹtà tí ó wà lára ìhà abẹ, tàbí ní ẹ̀yìn rẹ̀, kò burú. Ó kàn bu ẹwà rẹ̀ kù ni. Èyí tí ó bá ti jẹ ihò wẹ́wẹ́ sí ẹnu gan-an ni ìṣòro, nítorí pé bí ẹ bá ń pọ́n ọn, ihò mìíràn ni ẹ óò máa bá pàdé nísàlẹ̀, ẹnu náà yóò sì máa ya wẹ́wẹ́ bí ẹ ti ń ṣe é. Bí ẹ bá rí ibi tí ó sán, ẹ fi abẹ náà sínú àpótí gẹ́gẹ́ bí ohun ìrántí, kí ẹ má sì gbé e kan ojú. Ẹ yẹ èkù náà wò pẹ̀lú. Ìwo màlúù àti igi kò léwu, ṣùgbọ́n èkù tí wọ́n fi celluloid ṣe, irú ike àtijọ́ kan, máa ń bàjẹ́ láti inú wá bí ó bá ti pẹ́, á sì máa tú èéfín olóró jáde, èyí tí ń jẹ irin tí ó wà láàárín rẹ̀. Bí èkù bá ń rùn, tí ó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, tí apá ibi tí ó bo abẹ nìkan sì dógùn-ún, ẹ tètè yọ abẹ kúrò nínú rẹ̀, kí ẹ sì wá ẹni tí yóò ṣe èkù tuntun. Èkù ìwo ni ti bàbá mi, ó gbẹ díẹ̀, ṣùgbọ́n kò là.

Mo tún fẹ́ kí ẹ gba ọ̀rọ̀ kan lẹ́nu mi: ẹ má ṣe gbé irú abẹ yìí fún àwọn tí ń fi òkúta yíyí pọ́n ọ̀bẹ lójú títì, bó ti wù kí ọwọ́ wọn já fáfá tó lórí àdá àti ọ̀bẹ ẹran. Òkúta tí ń yí kíákíá ń mú irin gbóná, ẹnu abẹ ìfárùngbọ̀n sì fẹ́lẹ́ débi pé ooru náà ń dé ibẹ̀ ní ìṣẹ́jú àáyá. Bí irú irin yìí bá ti gbóná kọjá nǹkan bí 200°C, líle tí alágbẹ̀dẹ fi sí i lára yóò dínkù, kò sì sí òkúta tí yóò dá a padà. Mo ti rí abẹ kan láti Solingen, ìlú àwọn arọ̀bẹ ní ilẹ̀ Jámánì, tí ó rẹwà gan-an, tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ bà jẹ́, tí ẹnu rẹ̀ ti di aláwọ̀ aró, ó sì dùn mí dọ́kàn, nítorí pé abẹ náà ti la ogun àgbáyé já kí ó tó bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí ó ń kánjú.

Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ fi ọṣẹ àti omi fọ̀ ọ́, ẹ nù ún gbẹ, kí ẹ sì fi sípíríìtì tí ó lágbára tó ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún nu gbogbo ara rẹ̀ títí kan inú èkù. Mo mọ̀ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá wa ni ó ti kan abẹ náà, kì í ṣe ti àlejò, ṣùgbọ́n àrùn kò mọ ẹbí. Kòkòrò hepatitis B, àrùn tí ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́, lè wà láàyè ní òde ara fún ọjọ́ 7 ó kéré tán, nítorí náà bí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò bá jọ jogún abẹ kan ṣoṣo, ẹnì kan ṣoṣo ni kí ó máa fi fá irùngbọ̀n.

Òkúta King náà gùn ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 18, ó fẹ̀ ju 6 lọ díẹ̀, ìjókòó ike rẹ̀ sì máa ń bá a wá, tí kò ní jẹ́ kí ó yọ̀ lórí tábìlì. Ojú nọ́ńbà 1000 ní àwọ̀ búráùn tí ó pọ́n díẹ̀, ojú 6000 sì funfun. Ojú 1000 máa ń mu omi púpọ̀. Ẹ gbé e sínú omi fún bíi ìṣẹ́jú 10, títí tí kò fi ní máa tú ìfófó jáde mọ́. Ojú 6000 kò nílò ìyẹn, omi tí a bá wọ́n sí i tó. Òkúta tí kò le ni, ìyẹn ni pé ohun tí ó so àwọn hóró inú rẹ̀ pọ̀ máa ń tètè tú wọn sílẹ̀ kí hóró tuntun lè jáde. Èyí ni ó ń jẹ́ kí ó jẹ irin láìjẹ́ pé a tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, òun náà sì ni ó ń jẹ́ kí ojú rẹ̀ tètè jin. Ẹni tí ó bá rà á gbọ́dọ̀ gbà pé títẹ́ ojú òkúta jẹ́ apá kan iṣẹ́ náà, kì í ṣe àfikún.

Ọ̀nà tí ó rọrùn jù lọ láti tẹ́ ẹ ni kí ẹ wá táìsì ilé kan tí ó dán, tí ó tẹ́jú, kí ẹ lẹ sáńpépà olómi mọ́ ọn, kí ẹ sì fi pẹ́ńsù ya ìlà sí gbogbo ojú òkúta náà ní ìbú àti òró. Ẹ fi omi sí i, ẹ máa fi òkúta náà ra sáńpépà títí gbogbo ìlà pẹ́ńsù yóò fi pa rẹ́. Bí ìlà bá ṣì kù láàárín nígbà tí ti etí ti lọ, àárín ni ó jin nìyẹn, kí ẹ máa bá a lọ. Òkúta tuntun pàápàá kì í sábà tẹ́jú tó fún abẹ, bí ó tilẹ̀ tẹ́jú tó fún ọ̀bẹ. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sáńpépà ra etí òkúta náà yí ká kí ó má ṣe mú, nítorí pé etí tí ó mú lè ha ìhà abẹ. Mo máa ń ṣe èyí kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní gbogbo ìgbà, kì í sì í gba àkókò tí ó pọ̀ bí ènìyàn kò bá jẹ́ kí ó pẹ́ kí ó tó tún un ṣe.

Wàyí o, iṣẹ́ gidi dé. Lórí ojú nọ́ńbà 1000, ohun tí a ń wá ni kí ìhà ọ̀tún àti ìhà òsì ẹnu abẹ pàdé ní ojú kan ṣoṣo, láti ìdí dé orí, láìsí ibì kan tí ó rí bọrọgidi láàárín wọn. Abẹ tí ó ti kú kì í ní ìpàdé yìí mọ́; bí a bá gbé ẹnu rẹ̀ sókè sí iná, a óò rí ìlà funfun tẹ́ẹ́rẹ́ tí ń dán, ìlà náà sì ni ibi tí kò mú. Ẹnu tí ó mú kì í dá iná padà. Mo máa ń fi máákà dúdú kun ẹnu abẹ ní ìhà méjèèjì, kí n tó fà á lórí òkúta fún ìgbà díẹ̀, kí n sì wo ibi tí àwọ̀ náà ti kúrò. Lórí abẹ bàbá mi, àwọ̀ kúrò ní ìdí àti láàárín, ṣùgbọ́n ó dúró gbọn-in ní orí, èyí tí ó fi hàn pé ẹni tí ó ń pọ́n ọn tẹ́lẹ̀ máa ń tẹ ìdí rẹ̀ ju orí lọ. Inú mi dùn sí àmì yìí, nítorí pé bí ọwọ́ bàbá náà ṣe rí ni mo ń rí lójú irin, lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹnu ni ó máa ń ṣíwájú lórí òkúta, ẹ̀yìn abẹ a sì tẹ̀lé e, bí ẹni fẹ́ bẹ́ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ kúrò lójú òkúta náà. Nítorí pé òkúta yìí kò fẹ̀ tó abẹ, ẹ kò lè fà á tààrà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìdí abẹ, kí ẹ máa fà á lọ síwájú kí ẹ sì máa fà á wá sí ẹ̀gbẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tí yóò fi jẹ́ pé orí abẹ ni yóò wà lórí òkúta nígbà tí ẹ bá dé òpin. Kí ẹ tó yí i padà fún ìhà kejì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ yí i lé, kí ẹ má ṣe yí i lórí ẹnu láé. Bí ẹ kò bá fẹ́ kí ẹ̀yìn abẹ jẹ, ẹ lẹ téèpù dúdú tí àwọn oníṣẹ́ iná ń lò mọ́ ọn ní ìpele kan, kí ẹ sì pààrọ̀ rẹ̀ bí ó bá ti ń ya. Èmi lò ó nítorí wúrà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n fi ṣe ọnà sí ẹ̀yìn abẹ náà, tí mi ò fẹ́ kí ó parẹ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹ lè tẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Bí ìpàdé ẹnu bá ti ń sún mọ́, ẹ dín in kù títí tí yóò fi jẹ́ pé ìwúwo abẹ nìkan ni ó ń ṣiṣẹ́.

Níbí yìí ni King fi yẹ fún ìyìn. Ojú 1000 rẹ̀ kò yára jù, kò sì falẹ̀ jù. Ẹ óò máa rí omi tí ń dúdú lórí òkúta bí irin ti ń kúrò, ẹ óò sì máa gbọ́ bí ìró rẹ̀ ṣe ń yí padà, láti ìró ríro tí ń ha létí sí ìró jẹ́jẹ́ tí ó ṣe déédéé láti ìdí dé orí. Ó ń bá ọwọ́ sọ̀rọ̀. Mo ti lo òkúta dáyámọ́ńdì fún irú iṣẹ́ yìí rí, ó yára, ṣùgbọ́n ó ń fi ìlà jíjìn sílẹ̀ lójú irin tí ó gba wàhálà púpọ̀ kí ó tó parẹ́. Fún irin Sheffield, tí kò le tó irin Jàpáànù, mo fara mọ́ King ju òkúta dáyámọ́ńdì lọ láìṣiyèméjì. Ẹ má ṣe kúrò lórí ojú yìí títí abẹ yóò fi fá irun apá yín láìfà á tu, ní ìdí, láàárín, àti ní orí. Bí apá kan bá fá, tí apá kejì kò fá, iṣẹ́ kò tí ì parí, kò sì sí nọ́ńbà gíga tí yóò tún un ṣe. Ọ̀pọ̀ abẹ tí mo ti gbọ́ pé “kò gba pípọ́n” ni kò ní àìsàn kankan ju pé ẹni tí ó ń pọ́n ọn ti kánjú fi nọ́ńbà 1000 sílẹ̀.

Lórí ojú 6000, omi díẹ̀ ni ẹ nílò, kí ọwọ́ sì fúyẹ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti pa àwọn ìlà tí ojú 1000 fi sílẹ̀ rẹ́, ó sì ń ṣe é dáadáa: ìhà méjèèjì ẹnu abẹ á bẹ̀rẹ̀ sí í dán bíi dígí, ìlà tí awò ń fi hàn á sì di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Ó yẹ kí n sọ pé fífò láti 1000 sí 6000 jìn. Ẹni tí ó bá ní òkúta nọ́ńbà 3000 tàbí 4000 láàárín yóò rí i pé iṣẹ́ rẹ̀ yá, ṣùgbọ́n ẹni tí kò ní in yóò kàn lo àkókò tí ó pọ̀ sí i ni. Abẹ tí ó bá ti ojú 6000 wá tààrà lè fá irun ẹ̀rẹ̀kẹ́, àmọ́ kò ní rọ̀ lára. Awọ ara á máa ta lẹ́yìn rẹ̀, pàápàá ní ọrùn.

Nítorí náà, owó òkúta yìí kọ́ ni gbogbo owó tí ẹ óò ná. Ọ̀nà mẹ́ta ni mo mọ̀ tí ó dára láti parí ẹnu abẹ lẹ́yìn King. Èyí tí owó rẹ̀ kéré jù ni ìpara aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń pè ní chromium oxide, tí hóró rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ìdajì máíkírọ́ọ̀nù (máíkírọ́ọ̀nù kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún mìlímítà). Ẹ fi díẹ̀ kun awọ tàbí aṣọ líle kan tí ẹ ti yà sọ́tọ̀ fún un, kí ẹ sì fa abẹ lórí rẹ̀ fún ìwọ̀nba ìgbà. Ìkejì ni òkúta nọ́ńbà 12000, irú èyí tí ilé-iṣẹ́ Naniwa ti Jàpáànù ń ṣe, tí ó ń fúnni ní ẹnu tí ó dán, tí ó sì ń mú gan-an. Ìkẹta ni coticule, òkúta àdánidá tí wọ́n ń wà ní agbègbè Ardennes ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, lẹ́bàá ìlú Vielsalm, tí hóró garnet, irú òkúta líle kan, tí ó wà nínú rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ jẹ́jẹ́. Owó coticule ga, ṣùgbọ́n bí ó ṣe ń jẹ́ kí abẹ rọ̀ lára kò ní àfiwé lójú tèmi, ó sì bá irin Sheffield mu ju èyíkéyìí lọ. Fún ẹni tí ó jẹ́ pé abẹ kan ṣoṣo ni ó jogún, ìpara aláwọ̀ ewé náà ti tó. N kò rí ìdí tí ènìyàn yóò fi ra òkúta olówó gọbọi nítorí abẹ kan.

Awọ ni ó ń parí gbogbo rẹ̀, a kò sì lè yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Bẹ́líìtì awọ gígùn tí àwọn bábà àtijọ́ máa ń fi kọ́ ẹ̀gbẹ́ ìjókòó ni mo ń sọ. Èyí tí mo ń lò, awọ màlúù ni, ọ̀kan nínú àwọn oníṣẹ́ awọ ìlú Ọ̀yọ́ ni ó gé e fún mi. Mo ní kí ó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà 7, kí ó má sì ní ọnà kankan lójú, ó sì ṣe é bí mo ti wí. Lórí awọ, ẹ̀yìn abẹ ni ó ń ṣíwájú, ẹnu a sì tẹ̀lé e, nítorí pé bí ẹnu bá ṣíwájú, yóò gé awọ náà, ẹnu náà yóò sì bàjẹ́. Kí awọ náà nà gbọn-in, kí ọwọ́ má ṣe tẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fà á ní àlọ àti àbọ̀ bíi 50 sí 60 ìgbà kí ẹ tó fá irùngbọ̀n.

Àwa tí irùngbọ̀n wa lọ́ pọ̀ gbọ́dọ̀ ronú sí ọ̀rọ̀ fífá náà dáadáa, nítorí pé ìdí pàtàkì nìyí tí mo fi gbà pé irú abẹ yìí yẹ fún wa. Àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí ń yọ sí àgbọ̀n àti ọrùn lẹ́yìn fífá máa ń wáyé nígbà tí irun tí ó lọ́ bá yí padà wọnú awọ ara, tàbí tí wọ́n bá gé e kúrú ju ojú awọ lọ tí ó sì ń hù lábẹ́ rẹ̀. Abẹ ìgbàlódé tí ó ní ẹnu mẹ́ta tàbí mẹ́rin lè fa irun jáde kí ó tó gé e, èyí tí ń jẹ́ kí ó wọlé lẹ́yìn náà. Abẹ ẹlẹ́nu kan tí ó mú dáadáa ń gé irun lójú awọ, bí ẹ bá fi í lé ojú ní nǹkan bíi dígíríì 30, tí ẹ sì tẹ̀lé ibi tí irun kọjú sí. Ẹ má ṣe na awọ ara jù, ẹ má sì fá a lòdì sí irun nítorí pé ẹ fẹ́ kí ó dán. Abẹ tí kò mú, tí ó ń fi agbára fa irun, ni ó burú jù nínú gbogbo rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi tẹnu mọ́ òkúta àti awọ báyìí. Láti ìgbà tí mo ti ń lo abẹ bàbá mi bí mo ti ṣàlàyé yìí, ọrùn mi ti jọ̀lọ̀, kókó tí ó máa ń yọ sí i sì ti dínkù gan-an.

Ta ni kí ó ra King, ta ni kí ó fi sílẹ̀? Bí abẹ àjogúnbá yín kò bá ya, tí kò sán, tí ẹ sì fẹ́ mọ iṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ rà á. Òun ni ọ̀kan nínú àwọn òkúta olójú méjì tí owó wọn rọjú jù lọ láàárín àwọn tí ó ṣe é gbẹ́kẹ̀ lé, yóò sì tún máa pọ́n ọ̀bẹ ìdáná nílé. Ẹ kàn rí i pé ẹ fi owó ìpara àti awọ kún owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ẹ fẹ́ kí abẹ náà mú, kí ẹ lè fá irùngbọ̀n níjọ́ ayẹyẹ kan, ẹ wá ẹni tí ń fi ọwọ́ pọ́n abẹ lórí òkúta, kí ẹ sanwó fún un, kí ẹ sì kọ́kọ́ bi í léèrè nọ́ńbà òkúta tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ àti èyí tí yóò fi parí. Ẹni tí kò bá lè dáhùn ìbéèrè yẹn, ẹ má ṣe fún un.

Abẹ tí ó bá ti ní ẹnu kò nílò ojú 1000 mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Bí ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa irun lẹ́yìn oṣù mélòó kan, ìpara aláwọ̀ ewé yóò mú un padà bọ̀ sípò. Bí ìyẹn kò bá tó mọ́, ẹ padà sí ojú 6000 fún ìwọ̀nba fífà, kí ẹ sì tún parí rẹ̀ bí ti àkọ́kọ́. Lẹ́yìn lílò kọ̀ọ̀kan, ẹ nù ún gbẹ láti ẹ̀yìn sí ẹnu, ẹ jẹ́ kí ó gba atẹ́gùn kí ẹ tó ká a sínú èkù, kí ẹ sì fi òróró ẹ̀rọ ìránṣọ kan bínńtín pa á lára, pàápàá lásìkò òjò. Òkúta náà, ẹ ṣan ẹrẹ̀ irin kúrò lójú rẹ̀, kí ẹ sì gbé e síbi tí ó ní òjìji kí ó gbẹ díẹ̀díẹ̀. Ẹ má ṣe sá a sóòrùn, nítorí pé òkúta tí ó mu omi tí oòrùn wá gbẹ lójijì lè là sí méjì.